Ọ̀rọ̀ "Ipá" àti Ẹ̀rí Àìyọ̀ǹda nínú Ẹjọ́ Ìfipábánilòpọ̀

Lára ohun tí olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ ní Nàìjíríà ni pé ìbálòpọ̀ wáyé, pé olùjẹ́jọ́ ni ó ṣe é, àti pé obìnrin náà kò yọ̀ǹda. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù, nítorí inú ọkàn ni ìyọ̀ǹda ń gbé, ẹni méjì péré ni ó sì sábà máa ń wà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá fi ń pe ẹ̀ṣẹ̀ yìí tún dá kún ìṣòro náà.

Abala 357 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn, èyí tí a ṣe fún ìhà gúúsù, kò fi ipá ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Àìyọ̀ǹda ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn èyí ni ó ka ìyọ̀ǹda tí a fi ipá, ìhàlẹ̀, ìdẹ́rùbà tàbí ẹ̀tàn gbà mọ́ ọn. Ọ̀kan láàrin ọ̀pọ̀ ni ipá jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú "ìfipábánilòpọ̀" palẹ̀, ipá ni ó ṣíwájú. Ìyọ̀ǹda kò sí níbẹ̀ rárá.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Bí ògbufọ̀ bá bi ajẹ́rìí pé, "Ṣé ó fipá bá yín lòpọ̀?", obìnrin tí ẹ̀rù mú ara rẹ̀ kú, tí kò jà, tí kò sì kígbe, lè fèsì pé, "Kò lù mí, ẹ̀rù ni ó bà mí." Òtítọ́ ni ó sọ, síbẹ̀ ó lè ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́. Bí ìbéèrè bá jẹ́, "Ṣé ẹ gbà fún un?", èsì yóò yàtọ̀.

Àwọn ilé-ẹjọ́ náà kò bọ́ lọ́wọ́ àṣà yìí. Aṣọ tí ó ya, ọgbẹ́ àti igbe ni wọ́n sábà máa ń wá. Òfin kò ní kí a má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ẹ̀rí obìnrin náà nìkan, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni pé ó léwu láti ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀rí mìíràn tí ó tì í lẹ́yìn. Òwe ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìmọ̀ràn ni èyí fún ẹni tí a rẹ́ jẹ. Kì í ṣe òṣùwọ̀n ìyọ̀ǹda.

Àtúnṣe ti wà. Òfin Ẹ̀rí àtijọ́ gba olùjẹ́jọ́ láàyè láti fi hàn pé oníṣekúṣe ni obìnrin náà. Abala 234 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ti dí ọ̀nà yìí: bí ilé-ẹjọ́ kò bá fàyè gbà á, a kò gbọdọ̀ bi í nípa ìbálòpọ̀ òun àti ẹlòmíràn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin òun àti olùjẹ́jọ́ kò sí lábẹ́ ìdènà náà, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn lórí ìyọ̀ǹda ti máa ń le jù.

Ẹnìkan lè sọ pé èrò yìí yóò pa olùjẹ́jọ́ lára. Lóòótọ́, àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Abala 36(5) nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 sì ka olùjẹ́jọ́ sí aláìlẹ́bi títí a ó fi fi ìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n "ó fipá bá mi lòpọ̀" pàápàá ti jọ ìdájọ́ lẹ́nu ajẹ́rìí. Bí ògbufọ̀ bá béèrè ohun tí ọkùnrin náà sọ, èsì tí obìnrin náà fún un, àti ohun tí ara rẹ̀ ṣe, adájọ́ yóò rí ọ̀rọ̀ gbé lórí òṣùwọ̀n. Ẹrù ẹ̀rí kò fúyẹ́ sí i fún olùpẹjọ́. Ìbéèrè ni ó bá òfin mu.