Ẹni Tó Fara Balẹ̀ Yẹ Ọmọ Wò

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn ìyá ọlọ́mọ á ti kún orí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìlera alábọ́dé. Yàrá tí nọ́ọ̀sì ti ń yẹ ọmọ wò kì í sábà tóbi: tábìlì kan, àga méjì tàbí mẹ́ta, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ, kúlà oògùn àjẹsára tí yìnyín wà nínú rẹ̀, àwòrán ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lára ògiri. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí níbẹ̀. Kò sí dókítà tó kọ́ṣẹ́ ọpọlọ ọmọdé. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí nǹkan ń ṣe ní ọpọlọ tàbí ní iṣan ti kọ́kọ́ ń pàdé ẹni tó mọ̀ nípa àìsàn. Iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera ń fi etí, ojú àti ọwọ́ ṣe nínú yàrá kékeré yẹn ni mo fẹ́ yìn. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, ó sì ń gba ẹ̀mí là.

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn nílẹ̀ Yorùbá. Ní àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọdé tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ni òpómúléró ibẹ̀, ìyá ọmọ ló sì ń mú káàdì ọmọ rẹ̀ lọ sílé, káàdì tí wọ́n ń fi ààmì sí lóṣooṣù bí ọmọ bá ṣe ń wúwo sí i. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera agbègbè Ìbàràpá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ṣẹ́ láàárín ará ìlú. Igbó-Ọrà yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèwádìí àìsàn wárápá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ni wọ́n kọ́ láti máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, kí dókítà ọpọlọ tó wá yẹ àwọn tí ìdáhùn wọn mú ìfura wá wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 ni pé ènìyàn 5.3 nínú 1,000 ló ní wárápá. Ìbéèrè tí a mọ̀ ọ́n bi ló ṣíwájú, ìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀lé e.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò nìyẹn títí dòní. Etí ló ń ṣíwájú. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ ọdún méjì kan tí ìyá rẹ̀ sáré gbé wọlé pé gìrì mú un lóru. Gìrì ti fi ọmọ sílẹ̀, ó ń sunkún, ara rẹ̀ gbóná. Nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ kan ọmọ, ó ti rí i pé ọmọ ń mí dáadáa, pé ó sì mọ ìyá rẹ̀. Ó wá kọjú sí ìyá ọmọ.

“Màmá, ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀. Kí ni ọmọ ń ṣe kó tó di pé ó gan?”

“Ó ń sùn ni, Nọ́ọ̀sì. Ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ìrọ̀lẹ́. Mo kàn gbọ́ tó ń kùn ni. Ìgbà tí màá fi tan iná, ojú rẹ̀ ti yí sókè.”

“Ṣé gbogbo ara ló ń gbọ̀n, àbí apá kan?”

“Gbogbo ara ni.”

“Ṣé ó pẹ́?”

“Ó pẹ́ gan-an! Mo pariwo pe bàbá rẹ̀ ní yàrá kejì. Ìgbà tó máa fi dé, ó ti dáwọ́ dúró.”

Ìyá ní ó pẹ́, kò sì parọ́, torí kò sí ohun tó gùn lójú abiyamọ tó ìṣẹ́jú kan tí ọmọ rẹ̀ fi gan. Ṣùgbọ́n ìrìn bàbá láti yàrá kejì ti fún nọ́ọ̀sì ní òṣùwọ̀n tó ń wá. Gìrì tí ara gbígbóná ń fà sábà máa ń mú ọmọ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Bó bá jẹ́ gbogbo ara ló gbọ̀n, tí kò tó ìṣẹ́jú 15, tí kò ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 24, tí ọmọ sì padà bọ̀ sípò, kì í sábà ba ọpọlọ jẹ́. Bó bá jẹ́ apá kan ló ń gbọ̀n, tàbí ó ń lọ tó ń bọ̀, tàbí ọmọ kò jí dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ara kò tilẹ̀ gbóná rárá, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Kódà bí gbogbo ààmì bá dára, nọ́ọ̀sì kò ní tíì pè é ní gìrì ara gbígbóná lásán títí yóò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni, bóyá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí yóò sì wá ààmì yírùnyírùn, àrùn tó ń ba awọ tó bo ọpọlọ jẹ́.

Ìbéèrè kò mọ sórí òru àná. Nọ́ọ̀sì á padà sí ọjọ́ ìkúnlẹ̀: ṣé ọmọ ké nígbà tí ẹ bí i? Ṣé ojú àti ara rẹ̀ pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe? Ṣé ẹ kó káńfọ̀ sí àárín aṣọ rẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan wà tí káńfọ̀ máa ń bà jẹ́, tí pípọ́n ara wọn á wá le títí yóò fi wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tó bá yè é lè má gbọ́ràn mọ́, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè máa ṣe bó ṣe wù wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni yóò béèrè ìdàgbàsókè: ìgbà wo ló gbé ọrùn dúró, ìgbà wo ló jókòó láìfara ti nǹkan, ìgbà wo ló rìn? Ọmọ tó ń pẹ́ kó tó rìn nílò àyẹ̀wò. Ọmọ tó ti ń rìn, tó wá padà sí rírákòrò, nílò rẹ̀ kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí etí ṣe ń gbọ́ ni ojú ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ojú ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá ń tú ọ̀já. Ọmọ tí ara rẹ̀ pé á la ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mú. Bí ìyá bá ní ọmọ yìí kò gba pípọ̀n, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yà, ó ń gan bí igi ni, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní kà á sí ìráhùn lásán. Itan tó ń gan, tó ń kọjá ara wọn, lè jẹ́ ààmì pé ọpọlọ ti farapa láti ìgbà ìbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kan ń fi ọwọ́ òsì nìkan gba bísíkíìtì, àwọn ará ilé sì ń gbá ọwọ́ náà dànù pé kò bójú mu. Nọ́ọ̀sì á fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, á wo ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í sábà yan ọwọ́ kan láàyò. Bó bá yàn án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ kejì ni kò lágbára.

Ó tún lè ní kí ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin tó máa ń ṣubú ṣáá jókòó sílẹ̀, kó sì dìde. Ọmọ tó lágbára á fò dìde. Ẹni tí iṣan ìbàdí àti itan rẹ̀ ń rọ á kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, á fi ọwọ́ ti ilẹ̀, á ti orúnkún, á ti itan, kó tó nàró. Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, William Gowers, ṣàpèjúwe irú ìdìde yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1879. Kò gba irinṣẹ́ kankan láti rí i, bí kò ṣe ilẹ̀ tó mọ́ àti ojú tó ń wò.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́. Nígbà tí ọmọ ọwọ́ bá dákẹ́, tí ìyá gbé e jókòó, nọ́ọ̀sì á fi ìka kan àwùjẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwùjẹ̀ tó rì wọlé ń sọ pé omi ara ti tán. Èyí tó wú, tó sì le nígbà tí ọmọ kò sunkún, ń sọ pé nǹkan ń ti inú orí bọ̀. Téèpù aránṣọ á yí orí ká láti òkè ìpéǹpéjú dé ìpàkọ́. Ìwọ̀n kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ìlà orí káàdì bá ń gòkè ju bó ṣe yẹ lọ láti oṣù dé oṣù, omi lè máa kún inú orí ọmọ náà, a sì gbọ́dọ̀ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, irú iṣẹ́ tí Látúndé Ọdẹ́kù bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962. Ní ti ọrùn, nọ́ọ̀sì kì í fi agbára tẹ orí ọmọ tó ń bẹ̀rù. Á tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdodo rẹ̀, á sì wò bóyá ọmọ á tẹ orí wo iná náà. Ó tún mọ̀ pé yírùnyírùn lè wà lára ọmọ ọwọ́ kí ọrùn rẹ̀ má gan, nítorí náà ọmọ tó ń ké ṣáá, tí kò fẹ́ ọmú, kì í ṣe ẹni tí à ń dá padà sílé.

Ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo èyí ni mímọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára yàrá náà. Ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti UNICEF gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera láti máa wá ààmì ewu mẹ́rin lára ọmọ oṣù méjì sí ọdún márùn-ún: ọmọ tí kò lè mu tàbí kó fa ọmú, ọmọ tó ń bi gbogbo ohun tó jẹ, ọmọ tí gìrì mú, àti ọmọ tó ń rọ jọwọrọ tàbí tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan péré ti tó láti gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Bí gìrì bá bẹ̀rẹ̀ lójú wọn, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, wọ́n á wo aago, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, oògùn tó ń dá a dúró ti yá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ ṣàdédé rọ, ní ọ̀nà tirẹ̀: wọ́n á ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí wákàtí 24 pín níyà, kí ọjọ́ 14 tó pé. Ìṣọ́ra yìí wà lára ohun tí wọ́n fi kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020 pé kòkòrò àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àtètèkọ́ṣe ti kúrò ní ẹkùn Áfíríkà ti àjọ WHO.

Mo tún yin ahọ́n wọn. Àwọn ilé kan ṣì ń fún ọmọ tí gìrì mú ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà pò. Àgbo yìí lè fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dí mímí lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ̀ ọmọ sí iná. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í pariwo mọ́ ìyá ọmọ. Á béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Màmá, kí lẹ ti fún un láti ilé? Ẹ má bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ni.” Ìyá tí a bú á fi òtítọ́ pa mọ́, òtítọ́ yẹn sì ni ọmọ nílò jù. Lónìí, wọ́n tún máa ń sọ fún bàbá pé bí gìrì bá tún dé, kí ẹnì kan dúró ti ọmọ, kí ẹlòmíràn fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Fídíò kékeré yẹn lè sọ fún dókítà ohun tí ẹnu kò lè ròyìn tán.

Bó bá wá yọrí sí wárápá, iṣẹ́ kò tán. Ọmọ tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè kàwé, kó sì ṣeré bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló sábà ń lọ sọ fún olùkọ́ pé itọ́ ẹnu wárápá kì í ràn, pé kí wọ́n má lé ọmọ kúrò ní kíláàsì.

Ìyìn kò tó fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ rí i pé ohun ìyẹ̀ṣúgàwò kò wọ́n wọn, pé oògùn gìrì àti ti wárápá kò tán ní orí àtẹ, pé ọkọ̀ wà tí yóò gbé ọmọ lóru. Kí àwọn dókítà ní ọsibítù ńlá náà máa kọ èsì lẹ́tà padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó fi ọmọ ránṣẹ́, kí ó lè mọ ibi tí ó ti gbà á àti ibi tó kù sí, torí ọmọ mìíràn ti wà lórí bẹ́ǹṣì tó ń dúró dè é.