Ẹkùn Kì í Ṣe Erékùṣù: Lámèyítọ́ lórí Ìwé tí Ń Fi Orílẹ̀-Èdè Han Ọmọdé

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo lè ka orúkọ ẹkùn méjèèjìlá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tán láì dánu dúró, láti Alibori títí dé Zou, ní èdè Faransé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé apá ibo ni ìyá Fúlàní tí ń ta wàgàsì lọ́jà Glazoué ti wá, tàbí èdè wo ni òun àti oníbàárà rẹ̀ tí ó jẹ́ Màhí jọ fi ń ná ọjà, n kò ní mọ ohun tí n ó sọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ wádìí ni pé: kí ló dé tí ìwé tí a kọ láti fi orílẹ̀-èdè han ọmọdé fi máa ń fi àyíká ọmọ náà gan-an pamọ́ fún un?

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1877, Augustine Fouillée, tí ó fi G. Bruno ṣe orúkọ òǹkọ̀wé, gbé Le Tour de la France par deux enfants jáde. Nínú rẹ̀, André àti Julien, ọmọ ìyá méjì, kúrò ní Phalsbourg lẹ́yìn tí Jámánì ti gba ilẹ̀ wọn, wọ́n sì rin ilẹ̀ Faransé yíká. Ní 1906 àti 1907, Selma Lagerlöf kọ ìtàn Nils Holgersson fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Sweden. Ẹ̀yìn ẹyẹ ni ọmọ yẹn gùn tí ó fi rí ilẹ̀ rẹ̀. Ètò kan náà ni: ọmọ kúrò nílé, ó ń ti agbègbè kan bọ́ sí òmíràn, ó ń rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn àti irè oko wọn, títí odidi orílẹ̀-èdè fi yé e. Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí. Orúkọ tí a kàn tò lẹ́sẹẹsẹ kì í pẹ́ sú ọmọdé, ṣùgbọ́n bí ìrìn-àjò bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò fẹ́ mọ ibi tí yóò parí sí.

Ní 1916, ilé ìtẹ̀wé Armand Colin ní Paris gbé irú ìwé yìí jáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lábẹ́ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Moussa et Gi-gla ni àkọlé rẹ̀. Louis Sonolet àti A. Pérès ni wọ́n kọ ọ́. Kí a sọ òtítọ́, ó ní ohun tí a lè yìn: Gi-gla jẹ́ ọmọ Dàhòmì, kò sì wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà kí ọmọ wa rí ọmọ bí i tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olú ẹ̀dá-ìtàn nínú ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n àbùkù méjì wà nínú ètò rẹ̀. Èkínní, oníṣòwò Faransé kan ni àwọn ọmọ náà ń tẹ̀ lé. Àwọn ọmọ inú ìwé Bruno ń wá ẹbí àti ẹ̀tọ́ ara wọn kiri. Àwọn ti inú ìwé Sonolet ń tẹ̀ lé ọ̀gá. Ẹni tí ó mú ipò iwájú lójú ọ̀nà ni ó ń pinnu ohun tí ó yẹ ní wíwò. Èkejì, èdè kan ṣoṣo ni òǹkàwé fi ń gbọ́ ohun gbogbo. Ilẹ̀ ń yí padà, oúnjẹ ń yí padà, aṣọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ohùn kò yí padà. Ọmọ tí ó kà á lè rò pé aṣọ àti oúnjẹ nìkan ni ó ya agbègbè kan sọ́tọ̀ sí òmíràn.

Àwọn amúnisìn ti lọ, ṣùgbọ́n àbùkù kejì yìí kò bá wọn lọ. Ẹkùn mẹ́fà ni Bẹ̀nẹ̀ ní tẹ́lẹ̀. Òfin ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ni ó sọ wọ́n di 12, tí a fi yọ Collines kúrò lára Zou. Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ẹkùn yìí, bí ẹni pé omi òkun ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká ni: ẹkùn kan, olú-ìlú kan, irè oko kan, ẹ̀yà kan. Ẹ wo orúkọ Ouémé. Ọmọ Glazoué kọ́ ọ pé ẹkùn kan ni, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí Àjàṣẹ́ wà. Bẹ́ẹ̀, odò Ouémé fúnra rẹ̀ ń ṣàn láàárín Glazoué àti Ṣábẹ̀ẹ́ kí ó tó máa lọ sí ìsàlẹ̀. Odò tí ó so ilẹ̀ náà pọ̀ láti òkè dé etí òkun ti di orúkọ igun kan ṣoṣo nínú àwòrán-ilẹ̀.

Ó yẹ kí a wo orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ erékùṣù ní tòótọ́. Cabo Verde ní erékùṣù mẹ́wàá, ènìyàn sì ń gbé nínú mẹ́sàn-án. Níbẹ̀, òkun ló pa ààlà. Bí olùkọ́ bá mú erékùṣù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ṣẹ̀. Síbẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni èdè: Kírió ti Santiago kì í ṣe ti São Vicente gẹ́lẹ́. Àkọtọ́ ALUPEC, tí ìjọba kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún ìdánwò ní 1998, gba ará erékùṣù kọ̀ọ̀kan láyè láti kọ èdè bí ó ti ń sọ ọ́. Àríyànjiyàn lórí èwo ni kí a fi kọ́ ọmọ kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n gbà pé àríyànjiyàn wà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí níbi tí òkun ti pín ilẹ̀, báwo ni a ṣe fẹ́ fojú fò ó ní Collines, tí kò sí òkun rárá?

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ni ó wà ní Collines: Bantè, Dassa-Zoumè, Glazoué, Ouèssè, Savalou àti Savè. Ìdáàṣà àti Màhí jọ ń gbé Glazoué. Èdè Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá ààlà ẹkùn wọ Tchaourou ní Borgou. Kódà orúkọ Dassa-Zoumè fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Igbó Ìdáàṣà ni àwọn onílé ń pè é. «Zoumè» sì ni «inú igbó» lẹ́nu Màhí àti Fọ̀n. Èdè méjì ló pàdé nínú orúkọ kan, Faransé sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Kò gba olùkọ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ, ọmọ náà yóò sì mọ irú àwọn tí ó ti jọ gbé ilẹ̀ yìí.

N kò fẹ́ kí a rò pé Faransé nìkan ni mo ń bá wí. Àwa tí ń gbé èdè Yorùbá lárugẹ ní àbùkù kan náà lọ́wọ́. Àwòrán ilẹ̀ Yorùbá tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ ní Nàìjíríà fi Ilé-Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ sí àárín. Ìdáàṣà, Ìṣà ti Bantè àti Ifẹ̀ ti Atakpamé ní Togo wà ní eteetí, bí wọ́n bá tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, «Nàgó», orúkọ tí ó jẹ́ ti àwọn Ànàgó kan tẹ́lẹ̀, ni a fi ń da gbogbo wa pọ̀. Ọmọ Ìdáàṣà tí ó fi lẹ́tà ɛ, ɔ àti kp kọ́ ìwé yóò ṣí ìwé láti òkè-odò Ọ̀kpárá, yóò sì bá ẹ, ọ àti p pàdé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣàlàyé fún un, yóò rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni àṣìṣe, ó sì ṣeé ṣe kí ó rò pé tirẹ̀ ni.

Kí ni kí a ṣe? Mo rò pé kí a yí ìrìn-àjò náà padà. Dípò kí ìwé gbé ọmọ Glazoué lọ wo agbègbè méjìlá, kí ó kọ́kọ́ mú un dúró ní ọjà rẹ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́rú, níbi tí àwọn agbègbè ti ń wá bá a. Kí ó béèrè ibi tí iṣu ti wá àti ibi tí sóyà ń lọ. Kí ó gbọ́ bí a ṣe ń kíni ní èdè mẹ́ta mẹ́rin, kí a sì kọ ìkíni náà sílẹ̀ bí a ti ń kí i. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá tẹ̀ lé títì àti ojú irin tí ó ti Kútọ́nù gba Glazoué kọjá lọ sí Parakou.

Àwọn kan yóò sọ pé olùkọ́ tí ìjọba rán wá lè má gbọ́ ìkankan nínú èdè wọ̀nyí, àti pé orúkọ ẹkùn 12 ni ìdánwò ń béèrè. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ inú kíláàsì gbọ́ wọn. Olùkọ́ tí ó bá bi wọ́n léèrè yóò rí olùrànlọ́wọ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti ìdánwò, ọmọ tí ó ti mọ ẹni tí ó ti Borgou wá kò ní tètè gbàgbé Borgou. Àwa tí a sì ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ yìí kàn jù: a ti kó ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè wọ̀nyí jọ sínú ìwé oyè wa fún ọdún pípẹ́. Ó tó àkókò kí a dá díẹ̀ padà fún àwọn ọmọ wọn.