Oríkì Láìsí Ìtàn: Àyẹ̀wò Ìwé Áljẹ́bírà Méjì

Bí ọmọ kan bá gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ tí kò sì mọ ìtàn tí ó bí oríkì náà, ó lè kọ́ ọ sórí láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, síbẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ yóò pamọ́ fún un. Irú ìṣòro yìí gan-an ni ó máa ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò, tí ó wá dojú kọ áljẹ́bírà afòyemọ̀. Níbẹ̀, wíwá iye x kọ́ ni iṣẹ́ mọ́. Òfin tí àwọn nǹkan fi ń bá ara wọn ṣe ni à ń wádìí. Oríkì group, ring àti ideal kún inú ìwé bámúbámú, ṣùgbọ́n ìtàn wọn ṣọ̀wọ́n.

Ìwé méjì ni ó yẹ kí a fi ojú yìí wò: Moderne Algebra ti B. L. van der Waerden, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1930 tí èkejì sì tẹ̀ lé e ní 1931, àti Algebra ti Serge Lang, tí ó jáde ní 1965. Orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti pọnmi. Van der Waerden kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Emmy Noether ní Göttingen, ó sì gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Emil Artin ní Hamburg. Lábẹ́ Artin yìí kan náà ni Lang ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton ní 1951.

Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni van der Waerden ń rìn. Ó ya àwòrán kan tí ó fi hàn bí orí kan ṣe gbé ara lé òmíràn, kí òǹkàwé má baà ṣìnà. Lang ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú orí kìíní ni ó ti mú ọ̀rọ̀ category wọlé. Àǹfààní wà níbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé ọgbọ́n kan náà ni a fi ń ṣe iṣẹ́ tí ó jọ bí ẹni pé ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tí ì rí group márùn-ún sójú kò lè mọ rírì ohun tí ó so wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ideal ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín àwọn odidi nọ́ńbà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà tú 6 palẹ̀: 2 × 3. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn nọ́ńbà tí ìrísí wọn jẹ́ m + n√−5, tí m àti n jẹ́ odidi, 6 tún jẹ́ (1 + √−5)(1 − √−5). Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a tún lè tú sí wẹ́wẹ́. Òfin àtijọ́ wó. Láti gbé e dìde ni Dedekind ṣe gbé ideal kalẹ̀ ní 1871. Ní 1921, Noether fi hàn pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kò nílò ju òfin kan lọ: bí ideal bá ń tóbi sí i léraléra, ìtóbi náà gbọ́dọ̀ dópin. Ẹni tí ó gbọ́ ìtàn yìí kò ní béèrè ìdí tí oríkì ideal fi rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé méjèèjì, oríkì ni ó máa ń ṣáájú. Ti Lang ni ó sì le jù.

Nínú ìtẹ̀jáde 1965, Lang pàṣẹ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé èyíkéyìí lórí homological algebra, kí ó fi ẹ̀rí gbe gbogbo òfin inú rẹ̀ láìwo ẹ̀rí tí òǹkọ̀wé ṣe. Ọ̀pọ̀ ka èyí sí àwàdà. Òótọ́ wà nínú àwàdà náà: kíka ẹ̀rí ẹlòmíràn kò sọ ẹnikẹ́ni di onímọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tí ó yẹ àgbà ni a gbé lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi van der Waerden kọ́ ìrìn, kí ó fi Lang kọ́ bí a ṣe ń ríran jìnnà. Kí olùkọ́ sì rántí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pìtàn tí ìwé kò pa. Bí olùkọ́ bá dákẹ́, àkọ́sórí nìkan ni yóò kù.