Àmì Abẹ́ Ẹ

Gègé kan wà lọ́wọ́ mi tó rẹwà ju gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì mi lọ. Ẹ̀bùn ni. Ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán gbinrin, wọ́n sì fi wúrà dì í lámùrè níbi tí ìdérí ti pàdé ọ̀pá. Ẹni tó bá rí i lápò mi á rò pé owó wà nílé. Àmọ́ tí mo bá fi kọ "ẹ̀kọ́", "èkó" ló ń jáde. Lẹ́tà ń jáde wẹ́rẹ́, àmì abẹ́ rẹ̀ ni kì í jáde. Màá fi ẹnu rẹ̀ kan ìwé lẹ́ẹ̀kan, pàbó. Màá tún un kàn, pàbó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni tàdáwà á wá dà sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fipá jí lójú oorun.

Gègé yìí ló sọ mí di ẹni tó ń wo ẹnu gègé kó tó wo ara rẹ̀. Gègé onítàdáwà, èyí tí tàdáwà ń ti inú ikùn rẹ̀ ṣàn wá sẹ́nu, kì í ṣe ẹgbẹ́ bírò. Orúkọ èèyàn ni bírò náà: László Bíró, akọ̀ròyìn ọmọ Hungary tó gba ìwé àṣẹ lórí gègé olórí bọ́ọ̀lù lọ́dún 1938, òun la wá ń fi pe gègé gbogbo lónìí. Bọ́ọ̀lù kékeré ló wà lẹ́nu tirẹ̀. Èèyàn ní láti tẹ̀ ẹ́ kó tó yí. Gègé onítàdáwà kò fẹ́ títẹ̀. Kó ṣáà ti kan ìwé ni, tàdáwà á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ fi jẹ́ ìdánwò tó le jù fún un. Ẹsẹ̀ lẹ́tà gùn, gègé tó ń tòògbé lè jí lójú ọ̀nà kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àmì ò gùn rárá. Fọwọ́ bà á, gbé e kúrò, ó parí.

Ẹ bá mi mú irú gíláàsì tí àwọn aláago máa ń há sójú, ká fi wo ẹnu gègé. Ẹnu náà pín sí ètè méjì. Ìlà tó là wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ihò kékeré kan, ó sì ń fún bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ṣóńṣó, débi pé ètè méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn níbẹ̀. Bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà láìsí ẹni tó ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni tàdáwà ṣe ń wọ ibi tóóró fúnra rẹ̀; bí ibẹ̀ bá sì ṣe tóóró tó ló ṣe ń wọ̀ ọ́ tagbáratagbára tó. Oníṣẹ́ tó mú kí ìlà náà máa fún bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ti la ọ̀nà tí tàdáwà ò lè ṣe kó má gbà. Bí ìlà bá là gbẹ̀rẹ̀ ní ṣóńṣó, tàdáwà á dúró lókè, á máa wo ìwé lọ́ọ̀ọ́kán.

Abẹ́ ẹnu ni ahọ́n wà, ike tàbí rọ́bà líle dúdú tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Lójú tèmi, òun ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù lára gègé. Ọdún 1884 ni Lewis Waterman gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ń ta ìwé adójútòfò ni, pé gègé ló da tàdáwà sórí ìwé àdéhùn rẹ̀ tí oníbàárà fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì fi ìbínú jókòó ṣe gègé tuntun. Ìtàn náà dùn, ẹ̀rí rẹ̀ ni ò sí. Iṣẹ́ ahọ́n ni pé kó máa ṣe pàṣípààrọ̀: bí tàdáwà bá ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ikùn gègé á fa tàdáwà mú ṣinṣin. Ẹni tó bá ti da omi láti inú kèrègbè ọlọ́rùn tóóró rí mọ ariwo tó máa ń pa, bí omi ṣe ń jáde tí afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ahọ́n gègé ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà láìpariwo, ní ìwọ̀n tí ojú ò lè rí.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ahọ́n náà, ẹ ó rí eyín wẹ́wẹ́ bíi ti òòyà. Tí ooru ọwọ́ bá mú kí afẹ́fẹ́ inú gègé wú, tó sì fẹ́ ti tàdáwà jáde, àárín àwọn eyín yẹn ni èyí tó pọ̀ jù ń sá pamọ́ sí títí ara á fi rọ gègé. Nílùú tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa, eyín òòyà yìí ni kì í jẹ́ kí àpò ẹ̀wù di ìkòkò aró.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé wúrà tó wà lẹ́nu gègé olówó ńlá ló ń kọ̀wé. Rárá o. Wúrà rọ̀, bó bá ń fara ha ìwé lójoojúmọ́, á jẹ dànù. Ohun tó ń kan ìwé ni kókó kékeré kan tí kò tó orí pínnì, tí wọ́n jó mọ́ ṣóńṣó ẹnu náà, ì báà jẹ́ ẹnu wúrà, ì báà jẹ́ ti irin tí kì í dípẹtà. Iridium ni wọ́n ṣì ń pe kókó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdàlù irin líle mìíràn, bí osmium, ruthenium àti tungsten, ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀ báyìí. Wúrà ní ìwúlò tirẹ̀: ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́, tàdáwà olóró tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́ ò sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi á mú irin tí wọ́n lọ̀ dáadáa, màá fi wúrà tí wọ́n lọ̀ wúruwùru sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe fáàrí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jó kókó mọ́ ọn ni wọ́n tó ń là á. Abẹ róbótó kan, tí kò nípọn ju irun orí méjì tàbí mẹ́ta lọ, ló ń yí bírí tó sì ń la kókó àti ẹnu pọ̀ láàárín gééré. Bó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ètè kan á sanra ju èkejì lọ, ó di ohun tí wọ́n ń yọ́ padà nìyẹn. Títí dé ibí yìí, ẹ̀rọ lè dá ṣe é. Ibi tí ọwọ́ èèyàn ti wọ̀ ọ́ ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni gègé ti ń yàtọ̀ sí gègé.

Ní Kure, ìlú èbúté kan ní agbègbè Hiroshima, lórílẹ̀-èdè Japan, ni Sailor, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gègé, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1911. Nobuyoshi Nagahara, ọ̀gá nínú lílọ ẹnu gègé, ló mú orúkọ wọn rìn jìnnà. Iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù ni ẹnu tí wọ́n ń pè ní naginata togi, tí wọ́n fi ojú idà olórúkú gígùn kan sọ lórúkọ. Kókó orí rẹ̀ gùn ju ti gègé yòókù lọ, wọ́n wá lọ̀ ọ́ lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé gègé nàró, ìlà á tín-ín-rín. Bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́ sùn, ìlà á máa fẹ̀ sí i. Ìkọ̀wé wọn ló bèèrè fún un. Nínú lẹ́tà Japan, ìlà kan lè dúró gbọn-in, òmíràn á ta bí ìgbà tí èèyàn jáwọ́ lára iná, òmíràn á fà tín-ín títí á fi pòórá. Búrọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nagahara fẹ́ kí irin líle ṣe bíi búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣe é. Ọmọ rẹ̀, Yukio, kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ọmọ onílù ṣe ń kọ́ ìlù.

Iṣẹ́ ẹni tó ń lọ ẹnu gègé kò pẹ́ rárá téèyàn bá ń wò ó lókèèrè. Á di ẹnu gègé mú láàárín ìka, á fi kan òkúta tó ń yí, á yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀, á gbé e kúrò kíá. Á há gíláàsì sójú, á wò ó. Á ti í bọ tàdáwà, á kọ 8 tó dùbúlẹ̀ sórí ìwé, ní àkọtúnkọ, nítorí pé nínú 8 gègé á lọ sí gbogbo apá tí ọwọ́ èèyàn lè darí rẹ̀ sí. Etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Tí apá kan bá ń dún "ṣín-ín-ṣín-ín" tí apá kejì dákẹ́, ó ti mọ ètè tó ń dá a láàmú. Á padà sídìí òkúta fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kó má lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí òkúta bá ti jẹ, kò sí ẹni tó lè dá a padà.

Àlọ̀jù yẹn gan-an ni àrùn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ gègé tuntun. Nítorí kí oníbàárà lè sọ pé "Háà, ó mà yọ̀ o!", wọ́n á lọ etí inú ètè méjèèjì títí á fi rí róbótó bí ìdí ọmọ ọwọ́. Gègé á yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá lóòótọ́, ṣùgbọ́n tàdáwà ti há sínú kòtò tó wà láàárín, kò kan ìwé mọ́. Gègé tó dáa, bó bá ń lọ lórí ìwé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára díẹ̀ pé ìwé wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹnu gègé ṣe fẹ̀ tó náà kan àwa tí à ń kọ Yorùbá. Lẹ́tà Japan kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tó fún pọ̀ mọ́ra, nítorí náà ẹnu gègé wọn sábà máa ń tín-ín-rín ju ti Yúróòpù lọ. Ẹnu tí wọ́n kọ F (tín-ín-rín) sí lára lọ́dọ̀ wọn lè tín-ín-rín tó EF (tín-ín-rín gan-an) ti Jámánì. Wọn ò rò ó nítorí wa, àmọ́ a jẹ ńbẹ̀. Ẹ mú ẹnu fífẹ̀ kan kí ẹ fi kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ lára ìwé onílà lásán. Ojú ọ á dí, àmì òkè á wú bí ẹni tí oyin ta, ìyàwó ilé kan lè kà á pé ọkọ òun ti di ọkọ́. Ẹnu tín-ín-rín ni mo máa ń sọ pé kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ wa náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìwé àjákọ ló ń fa tàdáwà mu bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Tí gègé bá ń da tàdáwà jù, lẹ́tà á hu irun, á sì yọ sí ẹ̀yìn ìwé.

Lọ́wọ́lọ́wọ́, èyí tó ń bá mi lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni Preppy ti ilé-iṣẹ́ Platinum, ike lásán, ẹnu irin tín-ín-rín, tí wọ́n kọ 03 sí lára. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀tá gègé níbí ni ọyẹ́: bó bá fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàdáwà á gbẹ mọ́ ahọ́n. Ìdérí kékeré mìíràn wà nínú ìdérí Preppy, tó ní sípíríǹgì, tó ń dé mọ́ ẹnu rẹ̀ típẹ́típẹ́. Irú ìdérí bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ẹlẹ́nu wúrà, 3776 Century tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2011. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé tàdáwà lè wà nínú rẹ̀ fún oṣù 24 láìgbẹ. Gíga òkè Fuji ní mítà ni 3776 tó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ sí i, 3776 Century yìí ni màá ní kó rà kó tó wo ohun mìíràn.

Gègé Lamy 2000 dá mi lágara nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Gerd Müller ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní Jámánì, wọn ò sì tíì rí ìdí láti pa á dà. Ìdí rẹ̀ ni èèyàn ń yí tí písítìn inú rẹ̀ á fi fa tàdáwà sókè, ṣùgbọ́n ẹ wá ojú ibi tí ìdí yẹn ti pàdé ọ̀pá, ẹ ò ní tètè rí i. Wọ́n há a wọ ara wọn débi pé èékánná ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù fún àmì mi. Ẹni tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń kọ, kó lọ rà á, n ò bá a jà.

Gègé yòówù kí ẹ rà, omi lásán ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì bu tàdáwà àwọn ayàwòrán tó ní oje nínú sí i láé. Oje yẹn á gan mọ́ ahọ́n, ó tán.

Ẹ̀bùn mi ńkọ́? Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún aago ṣe lágbègbè Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Mo kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, aago kọ́ o." Ó gbà á, kò wo wúrà ara rẹ̀ rárá. Ó há gíláàsì sójú, ó gbé ẹnu gègé súnmọ́ iná. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀kan ga ju èkejì lọ," ló wí.

Ó fi èékánná àtàǹpàkò ti ètè ọ̀tún sísàlẹ̀, ó dá a dúró bẹ́ẹ̀, ó fi sílẹ̀, ó wò ó. Ó tún tì í. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra fi ṣóńṣó náà kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ìyá ń dán ooru ẹ̀kọ ọmọ wò, ó mi orí. Ó wá fa ọ̀kan yọ nínú àwọn páálí kékeré tó máa ń so mọ́ aago tó bá ti tún ṣe, ó kọ ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ sí i, ó nà án sí mi: "Ó ti ṣe tán." Tàdáwà ṣì tutù lójú páálí, àmì wà lábẹ́ ṣ.