Ta ni ó fún ni láyè? Àríwísí lórí bí a ti ń kọ́ni ní pásíìfù àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìyọ̀ǹda nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Kò sí ẹni tí ó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé wa tí kò mọ iṣẹ́ yìí: olùkọ́ a kọ gbólóhùn mẹ́wàá sára pátákó, a sì ní kí àwọn ọmọ sọ wọ́n di pásíìfù. Èyí ni pé kí wọ́n mú àbọ̀ wá sí ipò olùwà, kí wọ́n sì fi “by” ti olùwà àtijọ́ sẹ́yìn. “The hunter killed the leopard” a di “The leopard was killed by the hunter”, ọ̀rọ̀ a sì bùṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ náà bá kan ọ̀rọ̀-ìṣe ìyọ̀ǹda, ẹsẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Nínú ìwé àwọn ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́, “The teacher let him go” ti di “He was let to go by the teacher” lọ́pọ̀ ìgbà. Mo fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i. N kò sọ ìdí. Lónìí mo gbà pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ. Òfin tí a kọ́ ọ ni kò kún tó.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ fún ìyọ̀ǹda: “let”, “allow” àti “permit”. Ìtumọ̀ wọn súnmọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. “Allow” àti “permit” a máa gba “to” lẹ́yìn àbọ̀ wọn, wọn a sì di pásíìfù láìsí wàhálà: “They allowed us to enter” a di “We were allowed to enter”. “Let” kì í gba “to” rárá: “They let us enter” ni. Bí àwọn tí ó ni èdè bá sì ń fẹ́ pásíìfù irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, wọn kì í sábà yí “let” fúnra rẹ̀ padà. “Allow” ni wọ́n ń yá lò. Ẹ wá fi “make” wé e. Òun náà kì í gba “to” nínú “They made us enter”, ṣùgbọ́n bí ó bá di pásíìfù, “to” a yọjú: “We were made to enter”. Ọmọ tí ó kọ “was let to go” ti ṣàkíyèsí ìwà “make”, ó sì rò pé “let” yóò tẹ̀lé e. Àṣìṣe onílàákàyè ni.

Ewu mìíràn tún wà. “Let” ní pásíìfù ní ibòmíràn, ìtumọ̀ rẹ̀ a sì yàtọ̀. “He was let in” ni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. “He was let off” ni pé wọ́n dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì í. “The house was let to a trader” ni pé wọ́n fi ilé náà háyà fún oníṣòwò. “The clerk was let go” ńkọ́? Wọ́n ti lé akọ̀wé náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá yọ “to” kúrò nínú gbólóhùn ọmọ yẹn, tí ó sì pè é ní àtúnṣe, ti sọ ìyọ̀ǹda di ìlélọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo “She let the boy take the book”. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà yí i. “The boy was allowed to take the book” yí ìyọ̀ǹda padà: ẹni tí ó fún ọmọ láyè ni ó pamọ́. “She let the book be taken” yí mímú ìwé padà: ẹni tí ó mú ìwé ni ó pamọ́. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ orí pátákó ń ṣe wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n.

Èdè tiwa lè là wá lójú níhìn-ín. Nínú “Jẹ́ kí ó lọ”, “ó” ni olùwà “lọ”. Nínú “Gbà á láyè láti lọ”, àbọ̀ “gbà” ni “á”. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ “let” a rántí “jẹ́ kí”, kò sì rí àbọ̀ kankan tí yóò gbé wá síwájú. Bí olùkọ́ bá kọ́kọ́ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ “gbà láyè”, ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ “allow” ti là nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gba ọ̀nà kan náà padà lọ́nà òdì, kí a máa kọ “A gbà á láyè láti lọ láti ọwọ́ ọ̀gá”. “Ọ̀gá gbà á láyè láti lọ” ni Yorùbá ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti gírámà lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ti ń gbọ́ òfin yìí: “Vernacular is not allowed.” Èdè ìyá wọn ni a ń pè bẹ́ẹ̀, ìtanràn tàbí ẹgba sì ni èrè ẹni tí ó bá sọ ọ́. Ta ni kò gbà? Gbólóhùn náà kò sọ, kò sì sí ọmọ tí ó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, a ní láti ní “Wọn kò gbà wá láyè”, ẹni tí ó bá sì gbọ́ “wọn” lè béèrè pé àwọn ta ni. Lóòótọ́ ni pé àwa náà ní “Èèwọ̀ ni”, tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n a máa ń béèrè pé èèwọ̀ ìdílé wo, èèwọ̀ òrìṣà wo.

Nítorí náà, kí a tó ní kí ọmọ yí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ padà, kí a bi í ní ìbéèrè méjì: ta ni ó fúnni láyè, ta ni ó sì gba àyè náà? Kí a tún bi í pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni gbólóhùn tuntun náà yóò fi pamọ́, àti nítorí kí ni. Ẹni tí ó bá lè dáhùn kò ní kọ “was let to go” mọ́. Bí ó bá sì rí pásíìfù lára ògiri lọ́jọ́ mìíràn, yóò mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí òun béèrè.