Mẹkáníìkì Tó Mọ Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ń Jò

Ọkọ̀ ọlọ́lá ni Mercedes-Benz S-Class W220 tí wọ́n ṣe ní Jámánì láti 1998 dé 2005. Tòkunbọ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ lówó báyìí, àmọ́ owó ìtọ́jú rẹ̀ kò bá a wálẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin mẹkáníìkì tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ẹ wo Airmatic rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí, kì í ṣe sípíríǹgì onírin ló gbé e ró, afẹ́fẹ́ inú àpò rọ́bà ni. Bí rọ́bà bá gbó, á sán, afẹ́fẹ́ á máa jò díẹ̀díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, imú ọkọ̀ ti wọlẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á wá máa pọ́ǹpù láìsinmi títí yóò fi jóná. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á kàn pààrọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Tó bá yá, tuntun náà á tún jóná, owó ti wọgbó nìyẹn. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á po ọṣẹ mọ́ omi, á fọ́n ọn sára rọ́bà àti ojú ìsopọ̀ páìpù, á lóṣòó, á tẹjú mọ́ ọn. Ibi tí ìfófó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Sùúrù yẹn wú mi lórí púpọ̀.

Ìpẹtà tún wà: etí ilẹ̀kùn àti òkè táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ wá irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Bó bá sọ iye tó máa gbà láti wá ibi tó ń jò, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ san án.