Gbólóhùn Kan Lórí Ìwé Lẹ́tà: Lámèyítọ́ Ìdájọ́ Peel

Lọ́yà Gary Peel, ará ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lẹ́tà ọ́fíìsì rẹ̀ pé National Board of Trial Advocacy ti fún òun ní ìwé-ẹ̀rí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Abẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló to ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó ti láṣẹ iṣẹ́ sí. Illinois ní èèwọ̀ ni, wọ́n sì bá a wí ní gbangba. Lóṣù Kẹfà ọdún 1990, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre, adájọ́ 5 sí 4.

Adájọ́ John Paul Stevens ló kọ èrò tó ṣáájú, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni ibi tó ti to ohun tí ìwé-ẹ̀rí náà ń béèrè: kí lọ́yà ti ṣáájú nínú ẹjọ́, níwájú júrì àti láìsí júrì, kó máa kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́, kó fi hàn pé òun mọ̀wé kọ, kó sì ṣe ìdánwò ọjọ́ kan gbáko. Bí ọdún márùn-ún bá pé, kó tún un gbà. Kì í ṣe oyè àfowórà rárá. Stevens ní òótọ́ tó ṣeé yẹ̀ wò ni Peel sọ, àti pé kò sẹ́ni tí wọ́n ní ó tàn jẹ.

Ṣùgbọ́n ojú adájọ́ ló fi ka ìwé lẹ́tà náà. Opó tí mọ́tò pa ọkọ rẹ̀, tó ń wá lọ́yà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹgbẹ́ aládàáni ni “National Board”, nígbà tí àṣẹ ìjọba wà lábẹ́ rẹ̀ gbágbá? Adájọ́ Sandra Day O'Connor, tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, rí ewu yìí, àmọ́ ó gbà kí Illinois pa Peel lẹ́nu mọ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ Illinois yìí kan náà fàyè gba àwọn lọ́yà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi láti polongo ìmọ̀ tiwọn!

Adájọ́ Thurgood Marshall, tóun náà dá Peel láre, ló wò ó síwá wò ó sẹ́yìn. Ó ní gbólóhùn náà lè ṣi èèyàn lọ́nà, nítorí náà ìpínlẹ̀ lè pàṣẹ kí lọ́yà fi kún un pé ẹgbẹ́ aládàáni ló fún òun níwèé-ẹ̀rí, tàbí kó ṣàlàyé ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ òun. Stevens náà fẹnu bà á, ó sì yára kọjá. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ ráyè kà nínú àwọn èrò náà, ti Marshall ni kí ẹ kà.